Bàtà Ìyàwó Tánlónìí

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ẹnu ènìyàn ṣe lè rùn ju bàtà tí òjò pa lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Tánlónìí fún yín. Kì í ṣe pé kì í fọ eyín. Ohun tó ń ti ẹnu ọ̀hún jáde ni mò ń bá wí.

Aránbàtà ni. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ti di ohun ìgbàgbé ládùúgbò. Tánlónìí ni gbogbo ayé ń pè é, torí pé bí o bá gbé bàtà fún un láàárọ̀, kí oòrùn tó wọ̀, ó ti tán. Ohun tó kórìíra jù láyé ni oníṣẹ́-ọwọ́ tó máa ń sọ pé “ẹ padà wá lọ́la.” A máa ní, “Ẹni tó bá ní kí oníbàárà padà wá lọ́la, olè ni. Ẹsẹ̀ oníbàárà ló ń jí.” Láti ọjọ́ tó ti dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, kò sọ ọ́ rí fún ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ọmọdé, ì báà jẹ́ àgbà.

Iṣẹ́ bàtà kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí nǹkan tètè ń rí lára. Tánlónìí a ki ọwọ́ bọ inú bàtà tí ẹsẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni ti làágùn sí láti ọdún mọ́dún, á fi èékánná họ ìdọ̀tí tó ti lẹ̀ mọ́ ọn, inú rẹ̀ kò ní rìn. Á sì fi ọwọ́ yẹn kan náà jẹun tó bá ti fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ń kó o nírìíra: omijé. Bó bá rí àgbàlagbà tó ń sunkún, á yí ojú kúrò, á tutọ́. Òógùn ẹsẹ̀ kò ṣe é ní nǹkan kan, omi ojú ni kò lè fara dà.

Tíṣà ni ìyàwó rẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ẹ̀kọ́ tó wà ní ìkángun òpópónà. Ohùn obìnrin yìí kò kéré. Bó bá pe ọmọ kan níwájú ilé ẹ̀kọ́, ajá tó sùn sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ á dìde. Tánlónìí a máa yangàn pé, “Èmi ò ra rédíò. Mo fi ọ̀kan ṣaya.” Ó ti tó ọdún kan báyìí tí rédíò náà ti dákẹ́. Kò sí ẹni tó kú nílé wọn. Kò sí ẹni tó kó ẹrù jáde. Ó kàn ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan pé obìnrin náà jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó ti ki apá kan bọ aṣọ, kò sì ki èkejì. Bẹ́ẹ̀ ló jókòó títí di ọ̀sán. Nígbà tó yá, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. A gbé ìkòkò omi ka orí sítóòfù, kò ní tan iná sí i, á wá dúró tì í, á máa wò ó. Ara rẹ̀ ń gbẹ. Bí wọ́n bá kí i, ó ń dáhùn, àmọ́ ohùn náà kò kọjá ẹ̀yìn eyín.

Tánlónìí bẹ̀rẹ̀ sí í bínú. Àìsàn tí kò ní egbò, tí kò sì mú ara gbóná, kò yé e.

“Kí ló ń ṣe ọ́ gan-an, Tíṣà?”

“Mi ò mọ̀.”

“Ta ló ṣẹ̀ ọ́?”

“Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí.”

Ó bi í títí ó sú u. Ló bá sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì òpópónà, pé ìmẹ́lẹ́ ló gbé aṣọ àìsàn wọ̀. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ọkọ ń sọ sí ìyàwó tó ti bá a jẹ búburú, tó bá a jẹ rere! Síbẹ̀, ẹ̀rù ń bà á. Ó ń rí i pé obìnrin náà ń dín kù lójú òun lójoojúmọ́, bó bá sì ti wọ ṣọ́ọ̀bù báyìí, etí rẹ̀ kì í kúrò lọ́nà ilé.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà burú ni pé ìrànlọ́wọ́ kò jìnnà rárá. Kò ju aṣọ ìkélé kan lọ. Onílé ló fi aṣọ pín ṣọ́ọ̀bù náà sí méjì. Iwájú ni ti aránbàtà. Ẹ̀yìn ni àwọn elétò ìlera gbà, wọ́n sì gbé nọ́ọ̀sì àgbà kan síbẹ̀, obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọsibítù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbọ́rọ̀ ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá wúwo, kó sì mọ ẹni tó yẹ kó fi ránṣẹ́ sí dókítà. Ẹnikẹ́ni ló lè yà síbẹ̀. Wọn kì í bi ọ́ pé ta lo jẹ́, wọn kì í sì ní kó o lọ gba ọjọ́ wá. Àga méjì ló wà níbẹ̀, tábìlì kékeré kan, jọ́ọ̀gì omi, àti fèrèsé tó kọjú sí ògiri. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni aránbàtà àti nọ́ọ̀sì jọ ń lò, òun náà ló sì wo ojú àwọn tó ń gẹrun lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀.

Àwọn elétò ìlera wá gbé pátákó kan kọ́: ÌRÀNLỌ́WỌ́ FÚN ÌLERA ỌPỌLỌ. Ẹ ṢÁÀ WỌLÉ. Ọpọlọ tí wọ́n kọ gàdàgbà gadagba yẹn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àdúgbò ti sọ ibẹ̀ ní Ilé Wèrè. Ìyá kan tiẹ̀ fi ọwọ́ bo ojú ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọjá, kí pátákó má baà ràn án. Irú ènìyàn wo nìyẹn? Nọ́ọ̀sì jókòó títí, kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ àfi eṣinṣin.

Bàtà ló padà ṣí ọ̀nà. Obìnrin kan tó ń ṣe búrẹ́dì gbé bàtà tó já wá lọ́jọ́ kan, ó bá a pé Tánlónìí ti jáde lọ ra gọ́ọ̀mù. Nọ́ọ̀sì yọjú láti ẹ̀yìn ìkélé, ó ní kó wọlé wá mu omi kí aránbàtà tó dé. Omi yẹn ni obìnrin náà mu tó fi bú sẹ́kún. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, bàtà rẹ̀ ló gbé dání, kò sì sí ẹni tó fura sí i. Ọ̀rọ̀ ràn. Kò pẹ́ tí gbogbo ẹni tí ayé ń ni lára ládùúgbò fi mọ ọgbọ́n rẹ̀: gbé bàtà dání. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé níbo lò ń lọ, sọ pé ọ̀dọ̀ Tánlónìí ni. Ẹni tí bàtà rẹ̀ kò bá bàjẹ́ á mú ọ̀bẹ, á gé okùn rẹ̀.

Ẹ rò ó wò. Bàbá ọlọ́mọ, tó nílé, tó níṣẹ́, á ti ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ mọ́rí, á máa fi ọ̀bẹ rẹ́ bàtà ara rẹ̀, kó tó lè rí ibi tí yóò jókòó sí sọ pé òun kò rí oorun sùn. Kì í ṣe ìwà rẹ̀ ló ń kó mi nírìíra. Ìwà àwa tó kù ni.

Tánlónìí mọ̀ lọ́jọ́ kìíní. Okùn tó bá gbó, ẹnu rẹ̀ a máa rí wúruwùru. Èyí tí ọ̀bẹ bá gé, ẹnu rẹ̀ á mọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, ó bínú, ó ní wọ́n fi iṣẹ́ òun ṣẹ̀sín. Nígbà tó yá, ó sọ ọ́ di eré. Bí ẹni tó ni bàtà bá ti kọjá sẹ́yìn ìkélé báyìí, á gbé bàtà náà lọ sẹ́nu ọ̀nà, á nà án sókè, á ké sí òdìkejì:

“Gbàjámọ̀! Ọ̀bẹ tún ti ṣiṣẹ́ o!”

Onígbàjámọ̀ á da ẹ̀rín bolẹ̀. Àwọn tí ọṣẹ wà ní irùngbọ̀n wọn náà á rín títí ọṣẹ á fi wọ̀ wọ́n lẹ́nu. Aṣọ lásán kọ́ ni ìkélé? Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Awakọ̀ kan wà tó wá lẹ́ẹ̀kan péré. Ó gbọ́ ẹ̀rín yẹn, ó dìde láàárín ọ̀rọ̀, ó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù jáde láìgbé bàtà rẹ̀. Ó kó kúrò ládùúgbò lẹ́yìn ìgbà náà. Tánlónìí rán bàtà ọ̀hún tán lọ́jọ́ náà gan-an, ó sì gbé e kọ́ sórí ìṣó. Ìyẹn ló kà sí iṣẹ́ tó dáa.

Ohun tó wá burú jù ni èyí. Lálẹ́, bí wọ́n bá ń jẹun, Tánlónìí á kó gbogbo ìtàn náà jáde fún ìyàwó rẹ̀. Á ṣe bí obìnrin oníbúrẹ́dì ṣe ń fọn imú, á fi ọwọ́ júwe bí ọ̀bẹ ṣe wọ́ gba ara awọ. Ó fẹ́ kó rẹ́rìn-ín ni. Ó rò pé bí ó bá rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan péré, àìsàn náà ti lọ nìyẹn. Obìnrin náà á máa wo abọ́ oúnjẹ. Kò rẹ́rìn-ín rí. Àmọ́ ó ń gbọ́ o. Ó gbọ́ pé ibì kan wà tí ènìyàn lè lọ jókòó sí kó sọ tẹnu rẹ̀, ó sì gbọ́ ohun tí ọkọ òun ń fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe. Ẹnu kan náà ló fi ọ̀nà hàn án, tó sì dí i.

Ọjọ́rú ni Tánlónìí máa ń lọ ra awọ, kò sí ẹni tí kò mọ̀. Ní Ọjọ́rú tí mò ń wí yìí, ó dé ọ̀dọ̀ aláwọ, ó bá ilẹ̀kùn ní títì, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò pẹ́ tó jókòó tí abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ló bá wọ abẹ́ tábìlì lọ, ó ń fi ọwọ́ wá a nílẹ̀. Orí eékún ló wà tó fi gbọ́ tí ẹnìkan wọlé jẹ́jẹ́, tó gbé nǹkan lé tábìlì, tó sì ń lọ síhà ìkélé. Inú rẹ̀ dùn. Ó na ọwọ́ sókè láti ibi tó wà, ó fa bàtà náà, ó fi àtàǹpàkò wo ojú ibi tó ti já. Ó mọ́ lẹ́nu. Kò tiẹ̀ wo ẹ̀yìn. Ó dìde, ó kọjú sí òpópónà, ó na bàtà sókè.

“Gbàjámọ̀! Ọ̀bẹ tún ti ṣiṣẹ́ o! Ti òní tiẹ̀ pọ́n ọ̀bẹ tiẹ̀ dáadáa!”

Onígbàjámọ̀ gbé orí sókè, ó ti la ẹnu. Ẹ̀rín náà kò jáde. Ọkùnrin tí wọ́n ń gé irun fún ló dá rín, ó rín díẹ̀, ó wá dúró.

“Ìyàwó rẹ̀ kọ́ ló wà lẹ́yìn rẹ̀ yẹn?” ló bi onígbàjámọ̀.

Tánlónìí kò tíì yí padà. Bàtà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ wò. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló rí níbẹ̀. Òun ló gé awọ rẹ̀, òun ló rán an, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ra wọn sọ́nà. Ẹsẹ̀ òsì ni, ó sì rán okùn ní ìlọ́po méjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú, torí pé ẹsẹ̀ òsì ni ọmọge náà máa ń tẹ̀ jù. Okùn yẹn ì bá má já láéláé.

Ó wá yí padà. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́bàá ìkélé, ó ti di etí aṣọ náà mú. Bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò bú u. Kò sunkún.

“Mo rò pé Ọjọ́rú ni òní,” ló wí.

“Ọjọ́rú ni.”

Ó fi ìkélé sílẹ̀. Ó kọjá níwájú ọkọ rẹ̀, ó já sí òpópónà, ó ń fi bàtà kan rìn lọ sílé lọ́sàn-án gangan. Àwọn tó mọ̀ ọ́n, tí ó kọ́ ọmọ wọn ní A-B-D, yà fún un. Kò sí ẹyọ ẹnìkan tó kí i.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nọ́ọ̀sì ti jáde láti ẹ̀yìn. Ó wo bàtà, ó wo ojú Tánlónìí, ó sì mọ gbogbo rẹ̀.

“Ọjọ́ wo ni mo ti ń gbọ́ yín láti ẹ̀yìn aṣọ yìí?” ló bi í. “Tí mo sì ń dákẹ́. Torí bàtà ló ń gbé wọn wọlé, mo ní kí n má lọ bá yín jà, kí ẹ má baà lé wọn. Ojú ti èmi náà. Tiyín wá ńkọ́?”

Ó padà sẹ́yìn ìkélé, ó fà á pa.

Onígbàjámọ̀ náà sọdá wá, ó ń nu ọwọ́ sára aṣọ. “Ọ̀rẹ́, má bínú o. Mi ò mọ̀ ni.”

“Kí lo ò mọ̀?”

“Pé ìyàwó ẹ ni.”

Tánlónìí wò ó. Òun náà ì bá sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ohun tó sì mú kí itọ́ ẹnu rẹ̀ korò nìyẹn. Gbogbo ìdọ̀tí tó ti fi èékánná họ láyé yìí, kò sí èyí tó kó o nírìíra tó bí ọwọ́ ara rẹ̀ tó na bàtà sókè yẹn.

Ó gbé bàtà náà lọ sílé. Ìyàwó rẹ̀ wà ní etí bẹ́ẹ̀dì.

“Tíṣà, jẹ́ ká lọ bá nọ́ọ̀sì.”

“Ẹ bá mi rán bàtà mi.”

“Tíṣà.”

“Iṣẹ́ yín kọ́ ni? Ẹ rán an kó tán lónìí. Mi ò jáde mọ́.”

Ọkùnrin náà mọ ohun tó túmọ̀ sí. Bí òun bá rán an, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Obìnrin náà á wọ bàtà rẹ̀, á jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, á sì máa gbẹ lọ. Ó gbé bàtà náà lé itan ìyàwó rẹ̀ bó ṣe wà, pẹ̀lú ojú ọ̀bẹ lára rẹ̀.

“Mi ò lè gba iṣẹ́ nílé. Ìwọ lo ṣòfin ẹ̀, ọdún tí mo gbé ọ wọlé. O ní kò gbọdọ̀ sí bàtà iṣẹ́ nínú ilé yìí, pé òórùn gọ́ọ̀mù ń fọ́ ọ lórí. Bó o bá fẹ́ kí n rán an, gbé e wá ṣọ́ọ̀bù.”

Obìnrin náà gbé ojú sókè wò ó. Ó pẹ́ tó ti wò ó bẹ́ẹ̀.

“Gbogbo wọn ló ti rí mi.”

“Èmi ni mo fi ọ́ hàn wọ́n,” ni Tánlónìí wí.

Lọ́jọ́ kejì, kò wá. Tánlónìí ń ṣiṣẹ́, kò bá ẹnikẹ́ni ṣeré. Àwọn tó gbé bàtà tí ọ̀bẹ gé wá, ó ń gbà á lọ́wọ́ wọn bí bàtà gidi, ó ń kí wọn, á sì tẹ orí ba títí wọ́n á fi kọjá. Lójoojúmọ́, ó ń wo òpópónà. Alẹ́ á lẹ́, á padà sílé, á bá bàtà ní ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì níbi tó wà láàárọ̀. Kò sọ ìtàn kankan nídìí oúnjẹ mọ́. Ẹ̀rù ti wá bà á gidigidi.

Ó di Ọjọ́rú. Kò lọ ra awọ. Nígbà tí oòrùn mú, tí onígbàjámọ̀ ní oníbàárà lórí àga, tí obìnrin oníbúrẹ́dì sì wà lórí bẹ́ǹṣì, Tíṣà já sí òpópónà, ó gbé bàtà náà dání ní gbangba. Ó rí ọkọ rẹ̀ láti òkèèrè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Ó tún gbé e.

Tánlónìí dìde. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba bàtà náà. Gbogbo òpópónà ń dúró de ohun tó máa sọ. Ló bá ké sí òdìkejì.

“Gbàjámọ̀! Wá wo iṣẹ́kíṣẹ́ tí mo ṣe! Bàtà tí mo fi ọwọ́ ara mi rán fún ìyàwó mi ló já fúnra rẹ̀ yìí! Ọwọ́ mi ò dáa!”

Irọ́ ni, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀. Ẹni tó ń fi ọwọ́ yẹn ṣe fọ́ńté láti ọjọ́ tó ti dáyé! Onígbàjámọ̀ tẹ orí sórí iṣẹ́ rẹ̀.

“Wọlé, lọ jókòó,” ni Tánlónìí wí fún ìyàwó rẹ̀, “kí n wò ó.”

Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìkélé ṣí, ó padé. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan bẹ̀rẹ̀, ó rọra ń gòkè, ohùn tí ọkùnrin náà ti fi ọdún kan bẹ̀bẹ̀ fún nínú ilé ara rẹ̀. Ẹlòmíì ló ń sọ ọ́ fún. Ó dùn ún, ó sì tọ́ kó dùn ún. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránbàtà, ó ń tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan láìki awọ kankan bọ̀ ọ́, kí ariwo rẹ̀ má jẹ́ kí obìnrin oníbúrẹ́dì gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, kí òun náà má sì gbọ́.

Nígbà tí Tíṣà jáde, ojú rẹ̀ ti wú. Bàtà ṣì wà lórí tábìlì bó ṣe gbé e wá.

“Ṣé ó ti tán?”

Obìnrin oníbúrẹ́dì gbé orí sókè. Onígbàjámọ̀ dá ọwọ́ dúró.

“Kò tíì tán,” ni Tánlónìí wí. “Padà wá lọ́jọ́rú tó ń bọ̀.”

Ẹ má rò pé àdúgbò tún inú rò lẹ́yìn èyí. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, kò sí ẹni tó ń fi ọwọ́ lásán wọ ibẹ̀, bàtà náà ni wọ́n ń gé, ìyá sì ṣì ń bo ojú ọmọ rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí sọ báyìí ni pé ọwọ́ Tánlónìí ti ń wúwo, pé bàtà ìyàwó ara rẹ̀ gan-an kò lè rán. Àwọn ọmọ ti sọ orúkọ rẹ̀ di Tánlọ́la. Ó ń gbọ́, ó ń gbé e mì. Bàtà awakọ̀ tó kó kúrò ládùúgbò ṣì wà lórí ìṣó, eruku ti bò ó, kò sì sí ẹni tó mọ ibi tí wọ́n lè gbé e lọ fún un. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni bàtà ẹsẹ̀ òsì kan wà, tí ojú ọ̀bẹ ṣì mọ́ lẹ́nu lára rẹ̀.

Lọ́jọ́rú tó kọjá, Tíṣà kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tó ti ké láti òpópónà pé, “Ṣé bàtà mi ti tán?” Ohùn náà kò tíì pé. Ajá tó sùn sẹ́nu ọ̀nà gbé etí kan sókè, kò dìde.

“Ó kù díẹ̀,” ni Tánlónìí wí.